Nọ́ọ̀sì Tó Ń Ka Bàtà

Ẹni tó bá fẹ́ rí dókítà ní Manchester lónìí, kó kọ́kọ́ jẹun yó. Wàá pe fóònù láàárọ̀, wọ́n á fi orin sí i fún ọ, orin kan náà, títí etí á fi kún. Tí wọ́n bá wá gbé e, wọ́n á ní kí o lọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Inú máa ń bí mi. Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ mi pé nígbà tiwa, ìlera ló ń wá ènìyàn wá sílé, kẹ̀kẹ́ ló sì máa ń gùn wá. Wọ́n á bú sẹ́rìn-ín. "Mummy ti tún bẹ̀rẹ̀!" Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ jàre, ó ń dùn mọ́ mi nínú.

Openshaw, àdúgbò kan ní Manchester yìí, là ń gbé nígbà yẹn, nínú ilé bíríkì pupa kan tí èéfín ti sọ di dúdú. Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe ẹ̀rọ, ó sì ń lọ sí kíláàsì nírọ̀lẹ́. Ìyá mi ń rán kóòtù òjò nínú ilé fún ilé iṣẹ́ kan, máṣíìnì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Èmi ti ń lọ sí ilé ìwé, àbúrò mi obìnrin ṣì wà lẹ́yìn. Ìdílé mìíràn láti Ìjẹ̀bú ló háyà yàrá òkè, àwọn náà ní ọmọ, ariwo kì í sì í tán nínú ilé náà.

Lọ́jọ́ kílíníkì, ìyá mi á gbé àbúrò mi sínú kẹ̀kẹ́ ọmọdé, èmi á di irin rẹ̀ mú, ó di gbọ̀ngàn ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Òórùn ibẹ̀ ṣì wà nímú mi: ọṣẹ ọsibítù, mílíìkì, àti kóòtù tí òjò ti pa. Wọ́n á bọ́ aṣọ ọmọ, wọ́n á gbé e sórí òṣùwọ̀n, gbogbo ọmọ á wá máa ké pọ̀. Nígbà tí a bá ń lọ sílé, wọ́n á fún wa ní omi ọsàn nínú ìgò pẹ̀lú epo ẹja. Epo ẹja yẹn! Ẹ gbà mí. Ṣùgbọ́n omi ọsàn yẹn, mo ti wọ gbogbo súpámákẹ́ẹ̀tì ìlú yìí, n kò tíì rí èyí tó dùn tó o.

Obìnrin òyìnbó àgbàlagbà kan ló ń bójú tó àdúgbò wa. Nọ́ọ̀sì ni, ó ń ti ilé kan bọ́ sí òmíràn láti wo àwọn ọmọ. Màmá Nọ́ọ̀sì là ń pè é. Ìgbà àkọ́kọ́ tó wọlé wa, ìyá mi kúnlẹ̀ kí i. Ni obìnrin náà bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. "Kí ló bọ́ lọ́wọ́ rẹ, love? Jẹ́ ká jọ wá a." Ni àwọn méjèèjì bá ń wá ohun tí kò sọnù lórí kápẹ́ẹ̀tì. Bàbá mi ń fi ìtàn yìí pa àlejò lẹ́rìn-ín títí ọlọ́jọ́ fi dé.

Ohun kan ṣoṣo ni kò bá ìyá mi lára mu: obìnrin yìí fẹ́ràn kíkà. Ó ń ka ọmọ tí wọ́n bí, ó ń ka ọmọ tí èéyi ń ṣe, ó ń ka ẹni tó ní ikọ́ ẹ̀gbẹ, ó tún ń ka ilé tí ògiri rẹ̀ ń sunmi. Ọ́fíìsì ìlera ìlú á sì kó gbogbo rẹ̀ jọ lọ́dọọdún. Nígbà tí bàbá mi bi í pé kí ni wọ́n ń fi ṣe, ó ní, "Bí a ò bá ka ènìyàn, báwo la ṣe máa mọ ẹni tó ń kú, ká tó mọ ohun tó ń pa á?"

Ọ̀rọ̀ gidi. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ ìyẹn fún ọmọ Ẹ̀gbá bíi ìyá mi? A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ.

"Ọmọ mélòó lo ti bí, love?"

"Ọlọ́run ṣeun, mà."

"Ọlọ́run ṣeun lóòótọ́. Mélòó?"

"Wọ́n wà ńbẹ̀, mà."

Ìyá mi á rẹ́rìn-ín, á sì dìde lọ gbé omi tíì kaná. Ìgbà tó sú Màmá Nọ́ọ̀sì, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka bàtà ẹnu ọ̀nà. Kò mọ̀ pé bàtà àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú wà nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ kílíníkì tó tẹ̀lé e, wọ́n gbé omi ọsàn ọmọ mẹ́jọ jáde fún wa. Ìyá mi ò janpata. Ó ní ohun tí Ọlọ́run bá fi ránṣẹ́, a kì í dá a padà. Ẹ̀yin ará, a mu ọsàn!

Nígbà tí àṣírí tú, èmi ni Màmá Nọ́ọ̀sì yíjú sí. "Ìwọ sọ fún mi. Ẹ̀yin mélòó ni?" Mo na ìka méjì sókè. N kò tíì gbé e wálẹ̀ tí ìfọ́tí ìyá mi fi dún. "Ṣé o fẹ́ pa àbúrò rẹ ni?" Èmi tí wọ́n gbá létí ò tíì sunkún, omijé ti lé ròrò sójú òun. Ó dùn mí gan-an, nítorí kò gbá mi létí rí.

Bàbá mi ló ṣàlàyé fún mi nígbà tí mo dàgbà. Wọ́n bí ọkùnrin kan ṣáájú mi, ní Abẹ́òkúta. Kò tíì fẹsẹ̀ rìn tó fi lọ. Àwọn àgbà wá, wọ́n ní omi ló dànù, agbè ò fọ́. Wọ́n gbé e lọ, wọn ò jẹ́ kí ìyá mi mọ ojú oórì rẹ̀, bí wọ́n ti máa ń ṣe. Láti ọjọ́ yẹn, kò dárúkọ ọmọ náà mọ́, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ dárúkọ náà níṣojú rẹ̀. Kristẹni ni wá o, a kì í pa ọjọ́ Ìsinmi jẹ, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń ba ìyá mi. Tó bá ní méjì, ó ti lé àkọ́bí rẹ̀ jáde. Tó bá ní mẹ́ta, ó ti pè é wá mú àbúrò rẹ̀ lọ. Ló ṣe ń sọ pé wọ́n wà ńbẹ̀.

Nígbà òtútù ọdún kan ni ọwọ́ àti ẹsẹ̀ àbúrò mi wú. Ó ń ké bí ẹni tí iná ń jó. Dókítà tí wọ́n gbé e lọ bá ní òtútù ni, ó fún wa ní ìpara, ó ní kí wọ́n máa wọ ìbọ̀wọ́ fún un. Wíwú náà ò rọ̀. Ojú rẹ̀ di ofeefee, kò gba oúnjẹ. Máṣíìnì ìyá mi dákẹ́. Ó jókòó ti iná, ó gbé ọmọ náà mọ́ àyà.

"Sọ fún wọn," bàbá mi ní. "Mo bẹ̀ ọ́."

"Bí mo bá sọ ọ́, tó bá gbọ́ ńkọ́?"

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni Màmá Nọ́ọ̀sì dé, yìnyín wà lórí fìlà rẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, kò wo bàtà rárá. Ó wo ọwọ́ ọmọ, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wo ojú ìyá mi pẹ́. Ó jókòó sórí àga kíṣìnì, ó ti báàgì rẹ̀ sábẹ́ tábìlì.

"N kò ní kọ nǹkan kan sílẹ̀," ó ní. "Ṣé ọmọ rẹ mìíràn ti ṣe báyìí rí?"

Ìyá mi wo ọ̀nà. Mo rò pé yóò dìde lọ gbé omi kaná.

"Mẹ́ta ni mo bí, mà," ó ní. "Báyìí gan-an ni ọwọ́ àkọ́kọ́ ṣe wú." Ló bá bú sẹ́kún. N kò mọ̀ pé àgbàlagbà lè sunkún bẹ́ẹ̀. Obìnrin òyìnbó yẹn gbá òun àti ọmọ mọ́ra, lẹ́yìn náà ó sáré lọ sídìí fóònù ìta. Kò pẹ́ tí ọkọ̀ aláìsàn fi gbé wọn lọ sí ọsibítù ńlá. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà wò, wọ́n sì rí i: sickle cell, èyí tí àwọn ará ilé ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde.

Àbúrò mi padà wálé. Ó ń lo oògùn, ó ń mu omi bí ẹja, Màmá Nọ́ọ̀sì sì ń fi òwú hun ìbọ̀wọ́ fún un ní gbogbo ìgbà òtútù títí tó fi fẹ̀yìn tì. N kò rí irú obìnrin yẹn mọ́. Àárò rẹ̀ ń sọ mí.

Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, èmi àti àbúrò mi mú ìyá wa lọ sí ọsibítù ní Chorlton-on-Medlock nítorí orúnkún rẹ̀. Àbúrò mi ti di ìyá àgbà, ẹnu rẹ̀ sì mú ju tèmi lọ. Nọ́ọ̀sì ọmọdébìnrin kan jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ Màmá. Ó dé orí ọmọ: mélòó ni wọ́n bí? Àbúrò mi tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Mo ti la ẹnu láti gba ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀ pé kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, wọ́n wà ńbẹ̀ ló máa gbọ́.

"Mẹ́ta," ìyá mi ní. "Àwọn méjì nìyí. Kọ ẹ̀kẹta náà síbẹ̀."

Ó sì dárúkọ rẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, n kò gbọ́ orúkọ yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí.