Pupa Tó Wà Lábẹ́ Eérú

Aláwọ̀ ni wọ́n ń pè é ní yàrá kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn kan, òun náà ló sì fà á. Bí wọ́n bá ní kó fa orúkọ àwọn aláìsàn jáde láti inú àkójọ, kó tò ó sójú ìkànnì fún àwọn nọ́ọ̀sì, kò ní gbà kó rí ṣákálá. Yóò fa ìlà sí i, yóò kùn ún. Òun ló kọ ọ́ sínú kóòdù pé bí èémí aláìsàn bá ti ń já, kí ìlà orúkọ rẹ̀ pọ́n, kí nọ́ọ̀sì lè sáré pe dókítà.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá wọn ní ojú ń ro òun. "Gbogbo orúkọ yìí ti dà pọ̀ lójú mi. Jọ̀ọ́, bá wa kùn ún."

"Ẹ̀yin náà ti wá rí i pé àwọ̀ dáa," ni Aláwọ̀ fèsì tẹ̀rín-tẹ̀rín.

Ó fi ìlà kan sílẹ̀ ní funfun bó ṣe wà, ó kun èyí tó tẹ̀ lé e ní àwọ̀ eérú, bẹ́ẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀. Ó rẹwà lóòótọ́. Àmọ́ àṣẹ tó bá kẹ́yìn ni kọ̀ǹpútà ń gbọ́, àṣẹ eérú ló sì kọ kẹ́yìn, ló bá bo pupa mọ́lẹ̀. Orúkọ kan ṣoṣo ló fi dán an wò. Ìlà funfun ló bọ́ sí, ó pọ́n dáadáa, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n gbé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wá sí ilé ìwòsàn náà, ẹni tó tọ́ ọ dàgbà nígbà tí ìyá wọn kú. Ó lọ kí i.

"Àbúrò mi, lọ síbi iṣẹ́ ẹ. Àbí èmi lo fẹ́ máa wò bíi tẹlifíṣọ̀n?"

Kò pẹ́ tó gòkè padà sí yàrá kọ̀ǹpútà ni èémí obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í já. Ẹ̀rọ ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì fi í ránṣẹ́ sínú kọ̀ǹpútà bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n ìlà eérú ni orúkọ rẹ̀ wà. Nígbà tí ẹnikẹ́ni fi máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

"Mo wò ó, bùrọ̀dá," ni nọ́ọ̀sì ń sunkún wí. "Mo búra, mo wò ó, kò pọ́n."

Aláwọ̀ ti mọ ohun tó fà á. Ìbànújẹ́ náà pọ̀ débi pé omijé ò jáde.

Ó gòkè lọ, ó jókòó. Àtúnṣe náà ò ju kó gbé ìlà kóòdù pupa sísàlẹ̀ ti eérú. Ó gbé e, ó tún ojú ewé náà ṣí. Wọn ò tíì yọ orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kúrò. Tirẹ̀ nìkan ló pọ́n, ó ń sọ pé kí wọ́n sáré wá.