Àdúrà Àfibániwí Nílé Ọlárìndé

Ká ní ọwọ́ Ojúọlápé nìkan ni agogo yẹn wà ni, ìbá ti jù ú sínú odò Wouri tipẹ́tipẹ́. Agogo idẹ kékeré kan ni, òun ni Ọlárìndé ọkọ rẹ̀ fi ń jí gbogbo ilé sí àdúrà òwúrọ̀. Kò sí òwúrọ̀ tí Ọlọ́run dá tí kì í lù ú, òjò ìbáà máa rọ̀, òjò Douala sì rèé, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe àdúrà ló ń bí obìnrin náà nínú o. Ó fẹ́ràn àdúrà. Ohun tí ọkọ rẹ̀ ń fi àdúrà ṣe ló ń bí i nínú.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. Wọn á kọ orin kan. Aurélien, àkọ́bí wọn, ọmọkùnrin tó ti ń hu irùngbọ̀n díẹ̀díẹ̀, á ka Bíbélì lédè Faransé, nítorí Yorùbá inú ìwé kò yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Lẹ́yìn náà gbogbo wọn á kúnlẹ̀, Ọlárìndé á wú ikọ́, á di ojú pinpin, ẹjọ́ á wá bẹ̀rẹ̀.

“Olúwa, ìwọ lo mọ ọmọ tó ń jẹun nínú ilé yìí lójoojúmọ́ tí kò lè fọ abọ́ kan ṣoṣo. Là á lójú.”

Àmín.

“Olúwa, ọmọ tí wọ́n rán ní búrẹ́dì tó lọ dúró síbi bọ́ọ̀lù, mú ẹsẹ̀ rẹ̀ yá.”

Àmín.

Ọmọ tí wọ́n ń bá wí náà ló tún gbọ́dọ̀ ṣe àmín sí i. Kò sì lè dáhùn, kò lè sọ pé kì í ṣe bó ṣe rí nìyẹn, nítorí ta ni yóò já lu ẹni tó ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀? Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ nìyẹn. Ohun tí bàbá kò bá rójú sọ ní tààrà lọ́sàn-án, yóò tọ́jú rẹ̀ di òwúrọ̀, yóò fi ṣe àdúrà.

Ìmẹ̀sí-Ilé ni wọ́n ti bí Ojúọlápé. Bàbá tirẹ̀ máa ń ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì, àdúrà rẹ̀ nílé kì í sì í pẹ́ rárá. Yóò dárúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan, yóò gbé ọwọ́ lé e lórí, yóò súre fún un, ó parí. Ojúọlápé ṣì ń rántí bí ọwọ́ yẹn ṣe máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ lórí òun. Nígbà tó tẹ̀ lé ọkọ rẹ̀ wá sí Douala, tí ọkọ ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò lójú ọ̀nà Yassa, tí òun náà sì ń rán aṣọ iléèwé fáwọn ọmọ ní iwájú ilé onípákó tí wọ́n háyà lẹ́yìn àwọn ilé iṣẹ́ Bassa, ohun kan ṣoṣo ló ń bẹ Ọlọ́run fún. Kí ìlú ńlá yìí tó gbé àwọn ọmọ òun mì, kí wọ́n ti mọ Ọlọ́run fúnra wọn, kí wọ́n mọ̀ Ọ́n bí ẹni téèyàn lè sá tọ̀ lọ́jọ́ ìṣòro. Ó wá ń wo bí Aurélien ṣe ń fi tipátipá kúnlẹ̀ lórí ẹní, tí kò fẹ́ràn ẹní náà, tí kò fẹ́ràn agogo, ẹ̀rù sì ń bà á pé Ọlọ́run tí wọ́n ń pè níbẹ̀ ni ọmọ náà yóò kọ́kọ́ sá fún.

Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé obìnrin yìí kàn ń káwọ́ gbera ni. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Bó bá kan òun náà láti gbàdúrà, ó ní tirẹ̀ tó ń sọ.

Lásìkò yẹn ọ̀rọ̀ Bakassi ti gbóná. Àwọn sójà Nàìjíríà àti ti Kamẹrúùnù ń bá ara wọn jà nítorí ilẹ̀ etí omi yẹn, rédíò kò sì sọ nǹkan mìíràn. Ní Douala, àwọn gendarme, ọlọ́pàá ológun wọn, bẹ̀rẹ̀ sí í dá ọmọ Nàìjíríà dúró lójú pópó láti béèrè carte de séjour, káàdì àṣẹ ìgbélùú. Káàdì Ọlárìndé ti kú, ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá tipẹ́. Ojúọlápé sọ títí ẹnu rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bó pé, “Bàbá Aurélien, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ tún káàdì yìí ṣe.” Ọlárìndé á ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kì í dé. Nígbà tó sú Ojúọlápé, ó gbé e wọnú àdúrà.

“Olúwa, ẹni tó mọ̀ pé iná ń jó bọ̀ tó jókòó sójú kan, là á lójú.”

Ọlárìndé kò jẹ́ kó tutù. “Olúwa, obìnrin tó ń fi àdúrà bá ọkọ rẹ̀ jà, fi ìjánu sí i lẹ́nu.”

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ta á síra wọn, Ọlọ́run ló wà láàárín. Manuella, àbíkẹ́yìn wọn, ọmọ ọdún mẹ́jọ, yóò kúnlẹ̀ sáàárín wọn, yóò máa fetí sí gbogbo rẹ̀. Wọ́n tilẹ̀ máa ń yìn ín pé òun nìkan ni kì í tòògbé nínú àdúrà.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Aurélien dé láti iléèwé, ó wá dúró síbi ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá rẹ̀. Kò béèrè oúnjẹ. Ojúọlápé mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀.

“Màmá, Bakassi ni wọ́n ń pè mí ní collège. Wọ́n ní kí n máa lọ bá àwọn sójà wa.”

“Kí lo wá sọ fún wọn?”

Ọmọ náà wolẹ̀. “Mo ní èmi kì í ṣe Nigérian. Mo ní Dádì kọ́ ló bí mi. Mo ní ọkọ ìyá mi ni.” Omi bọ́ lójú rẹ̀, ọmọ tó ti ga ju ìyá rẹ̀ lọ. “Ẹ má sọ fún Dádì, Màmá.”

Ó ti tó ọjọ́ mélòó tí ọmọ yìí ti finú han ẹnikẹ́ni gbẹ̀yìn? Ojúọlápé fi etí ìró rẹ̀ nù ún lójú, ó ní òun kò ní sọ. Kò sì purọ́. Kò ní in lọ́kàn láti sọ.

Ilẹ̀ mọ́, agogo dún. Ó kan Ojúọlápé láti gbàdúrà. Gbogbo òru ni ọ̀rọ̀ ọmọ náà ti ń dùn ún lọ́kàn, àánú rẹ̀ ń ṣe é, ó sì fẹ́ kí Ọlọ́run dárí jì í. Ohun tó fẹ́ kò ju ìyẹn lọ. Ṣùgbọ́n ẹnu tí àfibániwí ti mọ́ lára kò mọ ọ̀nà mìíràn.

“Olúwa, ìwọ tó dárí ji Pétérù, dárí ji ọmọ tó sẹ́ bàbá tó bí i lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní iléèwé.”

Òun fúnra rẹ̀ gbọ́ ọ bó ṣe ń jáde. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, kò ṣeé kó mọ́. Kò sẹ́ni tó ṣe àmín. Ọlárìndé la ojú, ó yíjú sí ọmọ rẹ̀.

“Ìwọ Aurélien, ṣé ìwọ ni?”

Bàbá rẹ̀ kò nà án. Ì bá tilẹ̀ sàn kó nà án. Ó kàn dìde, ó ní, “Ó dáa. A ti gbọ́,” ó wọ bàtà, ó gba ọ̀nà ìsọ̀ rẹ̀ lọ láìjẹun.

Aurélien wá kọjú sí ìyá rẹ̀. “Màmá, ẹ̀yin ni mo sọ fún. Mi ò sọ fún Ọlọ́run. Nínú ilé yìí, téèyàn bá ti sọ nǹkan fún Ọlọ́run, Dádì ló ń gbọ́. Mi ò gbàdúrà mọ́.”

Kò sì gbà á mọ́ lóòótọ́. Bí agogo bá ti dún, yóò jáde lọ jókòó sí ẹnu ọ̀nà Brigitte, obìnrin Kamẹrúùnù tó ni ilé tí wọ́n ń gbé, tí yàrá rẹ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ tiwọn. Ojúọlápé bẹ̀ ẹ́. Ó se ìrẹsì tó fẹ́ràn fún un. Ó tún bẹ̀ ẹ́. Ọmọ náà ń kí i, ó ń jíṣẹ́ tó bá rán an, ṣùgbọ́n ó ti ilẹ̀kùn inú rẹ̀ pa mọ́ ọn. Inú bí obìnrin náà sí ara rẹ̀, inú bí i sí ọkọ rẹ̀, inú tún bí i sí Bakassi tí kò fi ojú rí rí. Ó bẹ Ọlárìndé pé kó jẹ́ kí agogo sinmi fún ìgbà díẹ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ pe ọmọ jókòó. Ọlárìndé ní agogo Ọlọ́run kò ní dákẹ́ nítorí ọmọ kan. Àbí kí lẹ rò pé ó ṣe? Ó túbọ̀ gbé ohùn àdúrà sókè ni, kí èyí tó wà níta lè gbọ́ ọ láti ara ògiri pákó. “Olúwa, ọmọ tó sẹ́ bàbá rẹ̀!” Brigitte kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n òun náà mọ̀ pé ìjà ni.

Báyìí ni nǹkan wà títí di òwúrọ̀ ọjọ́ tí Brigitte sáré wọlé wá. “Mama Aurélien, on a pris ton mari.” Wọ́n ti mú ọkọ rẹ lọ. Lójú ọ̀nà ìsọ̀ ni àwọn gendarme ti dá a dúró, ó na òkú káàdì sí wọn, wọ́n ní kó gun ọkọ̀.

Ojúọlápé dúró, abẹ́rẹ́ ń bẹ lẹ́nu rẹ̀. Faransé tirẹ̀ kò ju ti ìránṣọ lọ, gígùn, ìbú àti iye owó. Kí ló máa bá gendarme sọ? Ó yíjú, ó rí i pé Aurélien ti ń wọ bàtà.

Ní àgọ́ wọn, Ọlárìndé jókòó lórí bẹ́ǹṣì láàárín àwọn ọkùnrin mìíràn, wọ́n ti bọ́ bẹ́líìtì rẹ̀. Gendarme tó wà nídìí tábìlì wo ọmọ náà láti òkè délẹ̀. Ó béèrè pé, “Et toi, tu es qui?” Ìwọ náà, ta ni ọ́?

Aurélien yíjú wo bàbá rẹ̀. Ì bá ṣeé ṣe kó sọ pé aládùúgbò ni òun, pé obìnrin yìí ló ní kí òun wá ṣe ògbufọ̀. Kò sẹ́ni tí ìbá dá a lẹ́bi.

“C'est mon père,” ni ọmọ náà wí. Bàbá mi nìyẹn. “Nous sommes nigérians.” Ọmọ Nàìjíríà ni wá.

Gbólóhùn yìí, Ojúọlápé kò nílò ògbufọ̀ fún un. Ọlárìndé tó wà lórí bẹ́ǹṣì tẹrí ba, kò gbé e sókè fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n kìlọ̀ fún un pé kó lọ tún káàdì rẹ̀ ṣe kíákíá, wọ́n sì ní kó máa lọ.

Nígbà tí wọ́n ń jẹun nílé lálẹ́ ọjọ́ yẹn, Ọlárìndé mú ẹran inú abọ́ tirẹ̀, ó fi sínú ti Aurélien. Ọmọ náà jẹ ẹ́. Manuella béèrè pé èwo ni tòun, ìyá rẹ̀ ní kó dákẹ́.

Nígbà tí agogo dún láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ilẹ̀kùn yàrá ṣí, Aurélien jáde wá, ó sì kúnlẹ̀ sórí ẹní. Ojúọlápé kò jẹ́ wò ó, kó má baà fi ojú lé e padà. Olúwa, ẹ jọ̀ọ́, ó ń sọ ọ́ nínú, ẹ jẹ́ kí ọkùnrin yìí ṣe ẹnu rẹ̀ jẹ́ẹ́ lónìí. Wọ́n kọ orin. Ọlárìndé wú ikọ́.

“Olúwa, a dúpẹ́,” ló wí. Ojúọlápé ń retí “ṣùgbọ́n” rẹ̀. Kò wá. Ọkùnrin tó máa ń gbàdúrà títí omi ẹ̀kọ á fi gbẹ lórí iná fi mọ síbẹ̀. Ó wá ní, “Ọmọdé ni yóò gbàdúrà fún wa lónìí. Manuella, gbàdúrà.”

Inú ọmọ náà dùn. Wọn kò fún un láyè bẹ́ẹ̀ rí. Ó wú ikọ́, ó di ojú pinpin.

“Olúwa, mo dúpẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi tó sọ pé Dádì kọ́ ni papa òun, là á lójú. Dádì tí Màmá sọ fún pé kó lọ ṣe carte de séjour tí kò lọ, tí gendarme wá mú un, mú ẹsẹ̀ rẹ̀ yá. Màmá tí Aurélien sọ àṣírí fún tó lọ sọ ọ́, fi ìjánu sí i lẹ́nu. Èmi nìkan ni mi ò ṣe nǹkan kan. Lórúkọ Jésù.”

Ọlárìndé kò gbé orí sókè. Ojúọlápé fi ọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀. Aurélien ti la ojú, ẹnu ọ̀nà ló ń wò.

Manuella dúró, kò gbọ́ ohun tó ń retí, ló bá la ojú, ó wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Ẹ ò ṣe àmín?”