Irú Tí Mo Fi Pamọ́ Sínú Fíríìjì

Kó tó di pé dókítà bá wa wí, èmi rò pé kò sí ọmọ tó ń tọ́jú ìyá rẹ̀ tó mi ní gbogbo àdúgbò Àgùdà l'Ékòó. Lẹ́yìn tí bàbá mi kú, mo lọ mú Màámi wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ sí fúláàtì oníyàrá méjì tí èmi àti ọkọ mi háyà. Mo ti pinnu pé ìyà tí wọ́n jẹ lórí mi ti parí. Láàárọ̀, búrẹ́dì, bọ́tà àti sadíìnì. Lọ́sàn-án, ìrẹsì àti ọbẹ̀ tòmátì agolo, pẹ̀lú kọ́n-bíìfù tí mo gé lé e lórí. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, tíì tí mílíìkì mú kó funfun báláú. Mínírà wà nínú fíríìjì fún ẹni tó bá wù. Àsìkò Sáàpù ni o, tí ètò ìjọba sọ gbogbo nǹkan di ọ̀wọ́n, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti gbàgbé àwọ̀ mílíìkì! Èmi tíṣà, ọkọ mi akọ̀wé rélùwéè l'Ébùúté Mẹ́ta, a ò lówó tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ti Màámi kò gbọdọ̀ yẹ̀.

Màámi náà ò kọ̀ ọ́. Nígbà tí wọ́n ṣì wà nílé, gbogbo agolo tí mo bá kó lọ fún wọn ni wọ́n máa ń fọ̀ tí wọ́n bá ti jẹ ohun inú rẹ̀ tán, wọ́n á tò ó sórí kọ́bọ́ọ̀dù ní pálọ̀ kí àlejò lè rí i pé ọmọ tó wà l'Ékòó ń ṣe bẹbẹ. Nígbà tí a fẹ́ máa bọ̀, wọ́n ní àwọn á kó agolo òfìfo yẹn dání. Ọkọ mi ló bẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi gbà láti fi í sílẹ̀.

Iṣẹ́ irú ni wọ́n ṣe tọ́ mi. Ẹni tí kò bá gbé nílé onírú kò lè mọ bí ó ṣe rí. Wọ́n á se èso irúgbá ní odidi ọjọ́ kan, wọ́n á gún un kí èèpo rẹ̀ lè bọ́, wọ́n á fọ̀ ọ́ lódò, wọ́n á wá fi ewé bò ó mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan títí òórùn rẹ̀ á fi jáde. Òórùn yẹn wà lára aṣọ wa, ó wà lára ìwé mi, ó wà lára owó tí wọ́n fi rán mi nílé ìwé. Nígbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni, Màámi ti ọjà wá kí mi tààrà ní ọjọ́ ìbẹ̀wò, tàwọn ti agbọ̀n irú lórí. Àwọn ọmọbìnrin tí a jọ wà ní yàrá kan náà fọwọ́ dímú. Ọ̀kan bi mí pé, “Ta nìyẹn?” Mo ní, “Ará àdúgbò wa ni. Màámi ló rán an.” Mo rọra sọ ọ́. Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́, àmọ́ mo rò pé tèmi bọ́ sórí tìmùtìmù, torí Màámi ò sọ nǹkankan. Wọ́n gbé ẹrù mi fún mi, wọ́n ṣàdúrà, wọ́n lọ. Láti ọjọ́ náà, mi ò fi irú sọ́bẹ̀ mọ́. Kúùbù ni mò ń rẹ́ sí i. Kúùbù ò ní òórùn tó ń fi ẹni sùn.

Ó wá di ọjọ́ kan, òòyì kọ́ Màámi nínú ilé ìwẹ̀. A gbé wọn lọ sí ọsibítù kan ní Yábàá. Dókítà ibẹ̀ kéré lọ́jọ́ orí, irùngbọ̀n rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù. Ó de ẹ̀rọ mọ́ Màámi lápá, ó wò ó, ó tún un wò. Ó ní, “Mọ́mì, kí lẹ jẹ lánàá?” Kí Màámi tó lanu, èmi ti gba ọ̀rọ̀ náà jẹ. Mo ka gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, mo ń fi àyà sọ̀rọ̀, láti orí sadíìnì dórí mínírà. Dókítà ń kọ ọ́ sílẹ̀. Mo rò pé ó fẹ́ yìn mí ni. Ó gbé bíírò sílẹ̀.

“Àǹtí, ta ló ń se oúnjẹ yìí?”

“Èmi ni.”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá wa pa Mọ́mì.”

Ẹ gbà mí o! Ọmọ tó yẹ kí n fún ní iṣẹ́ àṣetiléwá! Mo fẹ́ fèsì, ló bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Òun kan náà ló mú bàbá mi. Wọ́n ń wọ bàtà láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n ṣubú, wọn ò dìde mọ́. Dókítà ní iyọ̀ inú agolo àti kúùbù ti pọ̀ jù, ṣúgà mínírà náà ti pọ̀ jù. Ó fún wa lóògùn, àmọ́ ó ní oògùn nìkan ò lè dá iṣẹ́ yẹn ṣe, àfi tí a bá yí oúnjẹ padà. Ìyá mélòó ni mo ní? Ẹyọ kan ṣoṣo ni.

Mo délé, mo palẹ̀ agolo mọ́ bí ẹni tó ń lé olè. Sadíìnì, kọ́n-bíìfù, kúùbù, sọ́sééjì, gbogbo rẹ̀ ni mo kó sí páálí, mo gbé e fún àwọn ará òkè. Màámi jókòó sórí àga, wọ́n ń wò mí. Nígbà tó yá, wọ́n rọra pè mí.

“Tí nǹkan bá ti ṣẹlẹ̀ níbi iṣẹ́ ọkọ ẹ, sọ fún mi.”

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, “Màámi, ṣé ẹ ò gbọ́ ohun tí dókítà sọ ni?” Wọ́n ní àwọn gbọ́, àwọn kàn ní kí n sọ fún àwọn ni. Mi ò fọkàn sí i. Ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ìwé kọ́bọ̀, èmi ni mi ò kà á.

Oúnjẹ tuntun wá bẹ̀rẹ̀ nílé wa. Ẹ̀wà tí kò níyọ̀, ẹja bíbọ̀, ẹ̀fọ́ bíbọ̀, iṣu sísè. Gbogbo rẹ̀ tẹ́. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń mú ọbẹ̀ dùn láìsí kúùbù, wọn ò kọ́ mi. Irọ́ ni mo pa yẹn, wọ́n kọ́ mi dáadáa, èmi ni mo gbé e jù sẹ́yìn. Ọkọ mi á jẹ ṣíbí méjì, á ní òun ti jẹun níbi iṣẹ́. Ọjọ́ kan mo rí epo ọbẹ̀ lára kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Mo ní, “Ẹ̀yin náà, bùkátéríà wo?” Ó ní ti Ojú Ẹlẹ́gbà ni, kí n jọ̀ọ́, òun náà lẹ́mìí. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.

Àmọ́ Màámi ò mọ bùkátéríà kankan. Òkèlè mẹ́rin, wọ́n ti yó. Ọrùn wọn ń tín-ínrín, ìró wọn ń tú. Ọjọ́ kan wọ́n ti abọ́ kúrò níwájú, wọ́n ní, “Ṣé mo ṣẹ̀ yín ni? Tóṣù yìí bá parí, mò ń lọ sílé. Kí n lọ jẹ nǹkan tó dùn, kí n kú síbẹ̀.” Mo wọ ilé ìdáná, mo sunkún bí ọmọdé. Ta ló máa rán wọn létí oògùn nílé? Ta ló máa gbé wọn dìde tí òòyì bá tún kọ́ wọn? Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù kí oṣù parí.

Ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo lọ sí ọjà Ojúwòyè lọ ra ẹja. Òórùn kan gbá mi nímú, mo dúró. Onírú kan jókòó síbẹ̀, ó kó ọjà rẹ̀ sórí ewé ní òkìtì kéékèèké. Mi ò mọ bí mo ṣe pẹ́ níbẹ̀ tó. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní, “Àǹtí, ẹ̀ ń wò ó bí ẹni tó rí ọkọ àárọ̀.” Mo rà á. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì bóyá òbí ọmọ kíláàsì mi kan wà nítòsí, mo fi náílọ́ọ̀nù mẹ́ta dì í. Mo délé, mo tì í sẹ́yìn ìgò omi nínú fíríìjì. Mi ò tíì ní ìgboyà àtisè é.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, a ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ni a gbọ́ “Àgò o!” Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa, tí Màámi máa ń bá ṣèpàdé ní Múṣin, ló wọlé, márùn-ún wọn, páálí lórí. Ìyá Ẹgbẹ́ ló ṣáájú. Wọ́n sọ páálí kalẹ̀ sí àárín pálọ̀, wọ́n ṣí i. Sadíìnì. Mílíìkì. Kọ́n-bíìfù. Kúùbù odidi páálí kan. Mínírà kéréètì kan. Ìyá Ẹgbẹ́ di ọwọ́ mi mú.

“Ọmọ wa, ọ̀rọ̀ yín ti dé etígbọ̀ọ́ wa. Bó bá le, bó bá rọ̀, kò ní pẹ́ tí ọkọ ẹ á fi ríṣẹ́ míì.”

Ọkọ mi tó jókòó síbẹ̀ ní, “Iṣẹ́ wo?”

Họ́wù! Ìgbà yẹn ló wá yé mi. Màámi ti lọ sọ nípàdé pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ọkọ mi, pé ìyà ń jẹ ọmọ àwọn, kò rí agolo rà mọ́, ó ń fi dókítà bojú. Mo wo Màámi, Màámi wo àjà. Ọkọ mi sá wọ yàrá, mo ń gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Èmi ń bínú, ojú ń tì mí, ẹ̀rín tún ń pa mí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn ṣá. Kí ni mo tún fẹ́ sọ?

Àlejò márùn-ún kì í wá kí wọ́n lọ láìfẹnu kan nǹkan. Ìyá Ẹgbẹ́ ní kí n má ṣe wàhálà, kí n ṣáà ṣí sadíìnì. Mo rí ojú Màámi lára páálí yẹn, bí ọmọ tó rí àkàrà. Mo ní rárá, kò sẹ́ni tó máa ṣí agolo nílé yìí lónìí. Mo wọ ilé ìdáná, mo ti ilẹ̀kùn. Iṣu wà, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ wà, ẹja gbígbẹ wà. Mo gbé epo kaná, mo da ata àti àlùbọ́sà sí i. Mo ṣí fíríìjì, mo tú náílọ́ọ̀nù kìn-ín-ní, ìkejì, ìkẹta, mo da irú sínú epo.

Òórùn náà ò bẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ ilẹ̀kùn. Màámi ṣílẹ̀kùn.

“Ta ló ń se irú?”

“Èmi ni, Màámi.”

“Nínú ilé yìí?”

Wọ́n sún mọ́ iná, wọ́n mú díẹ̀ nínú èyí tó kù, wọ́n tọ́ ọ wò. Wọ́n ní, “Ẹni tó ṣe irú yìí ò fọ̀ ọ́ dáadáa, iyanrìn wà nínú ẹ̀.” Wọ́n fọwọ́, wọ́n fi ìgbọ̀nwọ́ tì mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n gba ṣíbí. Wọn ò wo ojú mi nígbà tí wọ́n sọ èyí tó kù.

“Mo rò pé ó ń tì ẹ́ lójú ni. Ìdí tí mi ò fi bèèrè ẹ̀ látìgbà tí mo ti dé nìyẹn. Ọjọ́ tí o ní ará àdúgbò yín ni mí, mo gbọ́. Mo ní kò burú. Tó bá jẹ́ agolo ni kò ní tì ẹ́ lójú, màá jẹ agolo.”

Yéè! Orúnkún mi méjèèjì kanlẹ̀. Mo di ìró wọn mú, mo ń sunkún, mo ń bẹ̀ wọ́n. Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá, wọn ò fi bú mi rí.

“Dìde, ata á ta sí ẹ lójú,” Màámi ní. “Gé iṣu yẹn.”

Ọbẹ̀ yẹn, mi ò rí irú ẹ̀ rí. Iyọ̀ inú rẹ̀ ò tó nǹkan, kò sì sẹ́ni tó bèèrè iyọ̀. Ọkọ mi nu abọ́ bí ẹni fọ̀ ọ́. Màámi jẹ, wọ́n bù kún un, wọ́n tún jẹ, mo sì ń ka òkèlè wọn. Nígbà tí mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ dókítà fún àwọn àlejò, tí Màámi fúnra wọn jẹ́wọ́, Ìyá Ẹgbẹ́ rẹ́rìn-ín títí gèlè wọn fi tú. A kì í dá ẹ̀bùn padà, nítorí náà páálí tún gun òkè. Àwọn ará òkè jayé lọ́dún náà.

Oṣù parí, kò sẹ́ni tó dárúkọ Ògbómọ̀ṣọ́. Màámi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú fúnra wọn lẹ́yìnkùlé. Láńdílọ́ọ̀dù fi ìbínú wá, wọ́n di díẹ̀ fún un nínú ewé, kò sì wá bínú mọ́. Nígbà tí a padà lọ sọ́dọ̀ dókítà, ó wo ẹ̀rọ, ó tún un wò, ó ní ẹ̀jẹ̀ náà ti ń wálẹ̀, kí Màámi má fi oògùn wọn ṣeré, kí n má sì yí oúnjẹ padà. Màámi ní ọjọ́ tí àwọn bá tún ń bọ̀, àwọn á mú ẹ̀bùn wá fún un.

Ẹ mọ ẹ̀bùn tó jẹ́. Lọ́jọ́ náà, a jókòó sórí bẹ́ńṣì pẹ̀lú àwọn tó ń dúró de dókítà, báàgì Màámi wà lẹ́sẹ̀ wọn, irú tí wọ́n fi ewé dì wà nínú rẹ̀. Obìnrin kan tó múra dáadáa fọwọ́ dímú. Ó ní, “Kí ló ń rùn báyìí?” Gbogbo èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wo kiri. Màámi fi ẹsẹ̀ ti báàgì sábẹ́ bẹ́ńṣì. Wọ́n gbójú sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n sì sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí, kó má baà dà bíi pé èmi àti àwọn la jọ wá.

Mo bẹ̀rẹ̀, mo fa báàgì náà jáde, mo gbé e lé itan mi.

Mo ní, “Irú ni, Mà. Ìyá mi ló ṣe é. Ìyá mi rèé.”

Màámi sún padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.