Ìwọ̀ Tó Gún Bàbá Mi

Ó ti rẹ̀ mí tẹnutẹnu kí n tó dé ọ̀dọ̀ aláìsàn tó kẹ́yìn lónìí. Okùn ọ̀rá tín-ín-rín la fi ń tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ alátọ̀gbẹ, ká fi wò ó bóyá ó ṣì ń mọ̀ ọ́n lára, torí àìsàn náà lè mú kí ẹsẹ̀ àti ọwọ́ kú. Okùn ìpẹja bàbá mi gẹ́lẹ́ ló jọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan nígbà tí mo wà lọ́mọdé, Dádì ti iṣẹ́ òru dé láti warehouse, ilé ìkẹ́rùsí kan ní Grand Prairie l’Amẹ́ríkà. Wọn ò sùn, wọ́n gbé mi lọ sí etí adágún. Wọ́n pọ́n ìwọ̀ kan tí òjé wà lórí rẹ̀ kó lè rì, wọ́n so ó mọ́ okùn, wọ́n sọ ọ́ sódò tààrà, wọ́n ń fà á sókè, wọ́n ń dẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.

“Ìgbà tó bá ń lọ sílẹ̀ ni ẹja máa ń gbé e. Bó bá ti ta ọ́ níka báyìí, fà á.”

Ẹ̀ẹ̀mẹta lokùn gbọ̀n, wọn ò fà á.

“Dádì, ó ti gbé e o.”

Wọ́n fi okùn lé mi lọ́wọ́. “Ó rẹ̀ mí ni. Gbà, dì í mú.”

Èmi ni mo fa ẹja náà jáde. Bí wọ́n ṣe ń yọ ìwọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ìwọ̀ gún wọn wọ àtàǹpàkò. Ẹ̀jẹ̀ ń kán sórí bàtà mi, wọ́n ṣì ń yìn mí. Wọn ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni nílé nígbà náà pé àwọn ní àtọ̀gbẹ.

Lọ́jọ́ kejì, mo sọ fún gbogbo kíláàsì wa pé kò sóhun tó lè dun bàbá mi.