Ìwé Ọkọ̀ Òkun Tí Mo Kà Níwájú Baálẹ̀

Òórùn àkàrà Ìyá Sàbí ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ mọ Ọ̀tà kí yunifásítì àti ṣọ́ọ̀ṣì ńláńlá tó gba igbó wa, ẹ ó rántí: bí obìnrin yẹn bá da ẹ̀wà lílọ̀ sínú epo, aláìsàn tó ti ń dágbére fún ará ilé á dìde jókòó. Mo jẹ tèmi tán, mo ń lá epo ara ìwé tó fi wé e, ni mo bá rí ọkọ̀ òkun ńlá kan tó ń wò mí látinú ìwé náà. Ó ní ọ̀pá èéfín mẹ́ta, òǹtẹ̀ pupa ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì tó ojú màlúù.

Mo gbé e lọ bá Tíṣà wa nílé ìwé. Ó ní, "Ìwé àwọn tó jọ ni ọkọ̀ nìyí. Ẹni tó bá ní in lọ́wọ́ ló ní ìpín nínú ọkọ̀." Ó fi kún un pé ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ náà ti kógbá sílé tipẹ́, pé ọ́fíìsì kan l'Ékòó ló kó ìwé náà dànù, tí àwọn tó ń ta ìwé àlòkù fi rí i rà. Ìyẹn kò wọ̀ mí létí. Mo ti di ọlọ́kọ̀. Mo fi ìdákọ̀ró ta Ràṣídì ọ̀rẹ́ mi lọ́rẹ, mo ní kí Táíwò, ọ̀rẹ́ mi kejì, máa mójú tó ilé ìdáná ọkọ̀.

Nígbà náà, ọmọ tó bá kó ìwé àlòkù wá fún alákàrà, àkàrà ni yóò fi gbà. Èmi ní tèmi, ìwé ni mo ń fi gba ìwé ọkọ̀. Ìyá Sàbí ní, "Ọmọ yìí, ṣé ìwé lo wá ń jẹ ni?" Ìwé ìṣirò mi ló kọ́kọ́ lọ, èyí tí mo fi ń kọ ìtàn tẹ̀lé e. Nígbà tí tèmi tán, mo wọ yàrá Bàbá mi, mo tú àpò rẹ̀. Ìwé kan ló wà níbẹ̀, ó ti pọ́n, kò ní ọkọ̀, kò ní òǹtẹ̀, àfi ìka àwọn arúgbó tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ bí ẹni pé aáyán rìn lórí ẹ̀. Mo pòṣé sí i. Mo fi gba ọkọ̀ tó tóbi jù lọ lọ́wọ́ Ìyá Sàbí, mo sì ki ìwé ọkọ̀ tó ní ọ̀pá èéfín mẹ́ta ìjọ́sí sínú àpò dípò rẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo rò pé oore ni mo ṣe Bàbá.

Ọ̀sẹ̀ yẹn kò tíì parí tí Bàbá Súlè, tó bá wa pààlà lọ́nà Àtàn, fi gbin ẹ̀gẹ́ wọ inú ilẹ̀ wa. Ọ̀rọ̀ dé iwájú Baálẹ̀. Bàbá mi fa ìwé yọ látinú àpò bí ẹni fa idà yọ. Kò mọ̀wé, kò sì sí ẹni tó mọ̀ ọ́n níbẹ̀. Ó na ìwé sí mi: "Akọ̀wé mi, kà á fún wọn."

Mo gba ìwé náà. Ìwé ilẹ̀ wa ti bá àkàrà ẹnì kan lọ sí Ìgbẹ́sà. Ohun tó yọ mí ni pé àràárọ̀ ni Bàbá máa ń to ààlà fún mi lójú ọ̀nà oko, a máa ní, "Ẹni tí kò mọ ààlà, àlejò ni lóko bàbá rẹ̀." Mo gbé ìwé sókè, mo là á mọ́lẹ̀: láti ìdí ìrókò dé etí odò, láti etí odò dé ibi òkúta méjì, láti ibẹ̀ kan ojú ọ̀nà. Mo ń bu òyìnbó Tíṣà lé e kó lè rinlẹ̀.

Bàbá Súlè na ọrùn wò ó. "Ẹ dúró ná. Àwòrán kí nìyí?"

"Ilé tí Bàbá mi máa kọ́ síbẹ̀ ni, sà."

"Ilé tó ní ọ̀pá èéfín mẹ́ta?"

"Ìyàwó mẹ́ta ni wọ́n máa fẹ́, sà. Kálukú ló ní ilé ìdáná tiẹ̀."

Baálẹ̀ rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀. Ó ní, "Bàbá Súlè, lọ hú ẹ̀gẹ́ rẹ."

A rìn jìnnà kí Bàbá tó dúró. Ó wá ní, "Ìwé tèmi kò láwòrán. Níbo ló wà?" Mo jẹ́wọ́. Ó ṣẹ́ pàṣán, ó wò ó, ó wò mí, ó jù ú nù. "Ẹni tó lè ka ohun tí kò sí nínú ìwé, kí ló tún ń wá nílé ìwé?" Ní ọjọ́ Ajé, ọkọ́ ló gbé fún mi. Bí ẹ̀kọ́ mi ṣe parí nìyẹn. Bí àwọn ọmọ-ọmọ mi bá bi mí, ohun tí mo ń sọ fún wọn ni pé ilé ìwé ni kò tó mi.

Mo ṣì ń kó ìwé ọkọ̀ jọ títí dòní. Mọ́kànlélógún ló wà nínú àpótí mi. Olùkọ́ yunifásítì kan yẹ̀ wọ́n wò lọ́jọ́ kan, ó ní, "Bàbá, àwọn ọkọ̀ yín ti di àlòkù irin." Mo ní mo mọ̀, ilé-iṣẹ́ irin tó wà ní Ṣàngó níbí ni wọ́n ti yọ́ wọn, wọ́n fi wọ́n gbé òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì yín ró.

Nígbà tí àwọn tó ń wá ilẹ̀ fún ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìsìn dé ọ̀dọ̀ mi, wọ́n mú lọ́yà wá, wọ́n mú sọ̀fíyọ̀ tó ń wọn ilẹ̀ wá. Mo fi awò ojú ka ìlà kọ̀ọ̀kan, kò sí irọ́ kankan níbẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlá fi ìwé ọkọ̀ di ilẹ̀ bàbá rẹ̀ mú níwájú Baálẹ̀. Èmi àgbàlagbà, ìwé òtítọ́ ni mo fọwọ́ sí, ilẹ̀ sì ti lọ kí oòrùn tó kan àtàrí.