Obìnrin Tí Kì Í Yọ Àmì Kúrò Lára Orúkọ

Obìnrin akọ̀wé kan wà ní ilé ìwòsàn tí wọ́n dá mi dúró sí ní Àpòmù. Kì í yọ àmì kúrò lára orúkọ, tòkè-tìsàlẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà bá kọ̀ tí kò fi í pamọ́, á tún un tẹ̀, á ní, "Èèyàn ló lorúkọ, ìwọ kọ́."

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ fún mi lẹ́jẹ̀, ẹ̀rọ náà yarí. Dókítà jágbe, "Màdáàmù, ẹ yọ àmì yẹn!" Ó yọ ọ́ lára orúkọ gbogbo wa, kọ̀ǹpútà sì gbà á. Bí èmi Òkè àti Ọ̀kẹ́ tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì ṣe di "Oke" kan náà nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì gbé ẹ̀jẹ̀ dé, ó pe orúkọ náà bí òyìnbó: "Oke dà?" Èmi akọni, ẹ̀rù abẹ́rẹ́ bà mí, mo faṣọ borí. Ọ̀kẹ́ ní, "Èmi rèé." Ẹ̀jẹ̀ tí kò bá tirẹ̀ mu ló pa á.

Akọ̀wé náà ṣì ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi. Mi ò tíì sọ fún un pé mo gbọ́ nígbà tí nọ́ọ̀sì pè.