Bàṣé tí Bàbá Àǹtọ́nì Tà Láìta Okùn Rẹ̀

Ẹnikẹ́ni tó bá sọ fún yín pé òun mọ bí wọ́n ṣe ta bàṣé Bàbá Àǹtọ́nì, ẹ bi í pé níbo ló dúró sí. Èmi wà níbẹ̀. Ojú mi méjèèjì yìí ló rí i, n kò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnì kankan. Alágbàtà ọkọ̀ àlòkù ni mí ní Ìdáàṣà nígbà náà, òmìnira wa ò tíì pẹ́. Kò sí ọkọ̀ tó kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì láàárín àwọn òkè wa tí n kò dá sí i. Ọdún méjì péré ni mo lò ní iléèwé àwọn fàdá. Ó tó mi.

Bàṣé ni ọkọ̀ akẹ́rù kékeré tí wọ́n fi tapólì bo ẹ̀yìn rẹ̀. Bàbá Àǹtọ́nì, àgbẹ̀ oníṣu ará Kpingni, ló ni ín. Alájì Sàlímọ́nù, oníṣòwò inú ìlú, fẹ́ rà á kíákíá, nítorí tòmátì tó rà sílẹ̀ ní Lèma ti pọ́n kọjá. Bí kò bá kó o lọ́jọ́ náà, ọbẹ̀ ni yóò bá lábẹ́ igi tí wọ́n kó o jọ sí.

Mo kó àwọn méjèèjì lọ sí bíró ìjọba. Akọ̀wé fa ilà sórí orúkọ Bàbá Àǹtọ́nì nínú káàtì gíríìsì, ìwé tó ń sọ ẹni tó ni ọkọ̀, ó kọ ti Alájì síbẹ̀, wọ́n sì tẹ̀ka. Ó parí. Alájì na ọwọ́ láti gba kọ́kọ́rọ́, Bàbá Àǹtọ́nì tì í bọ àpò.

"Bàbá, kọ́kọ́rọ́ ńkọ́?"

"Kọ́kọ́rọ́ wo? Mo ti ta ewúrẹ́, mo ti ta màlúù. Ṣé mo ta okùn mọ́ ọn rí?"

Òótọ́ ló sọ. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá ta ẹran á tú okùn ọrùn rẹ̀, á mú un lọ sílé, kí oríire agbo má baà bá ẹran lọ. Ó ní kọ́kọ́rọ́ lòun fi ń mú ọkọ̀ jáde lágbàlá, òun náà sì ni okùn rẹ̀.

"Yéè! Ṣé kí n máa wọ́ ọ lọ sí Lèma ni?"

"Ìyẹn kàn ọ́. Ọkọ̀ ti di tìrẹ."

"Bàbá, tòmátì mi ń kú o!"

"Kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ ẹ."

Akọ̀wé rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti wúkọ́, tí mo dìde.

"Bàbá, bí ewúrẹ́ bá kọ̀ tí kò rìn, kí lẹ fi ń fà á?"

"Okùn ni."

"Bí bàṣé bá kú sójú ọ̀nà ńkọ́?"

Mo kó wọn jáde lọ sídìí bàṣé níta. Okùn nípọn kan wà lẹ́yìn bàṣé, èyí tí wọ́n fi ń so ó mọ́ ọkọ̀ mìíràn bí ẹ́ńjìnnì bá dákú. Mo fà á jáde, mo ká a lé èjìká Bàbá Àǹtọ́nì. Ó fọwọ́ pa okùn náà bí ẹni ń fọwọ́ ra ẹran lọ́rùn, ó wá yọ kọ́kọ́rọ́.

"Ọmọ yìí gbọ́n ju bàbá rẹ̀ lọ."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Èmi àti Alájì kó tòmátì ní Lèma, a sì ń kọrin bọ̀. Bí a ṣe dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè kan, bàṣé húkọ́, ó dákẹ́. Aláàánú kan tó fi ọkọ̀ ńlá kó òwú dúró.

"Ẹ mú okùn wá, kí n fà yín. Tèmi já lánàá."

Alájì wò mí. Èmi ń wo òkè.

Ọwọ́ la fi ti bàṣé dé ilé, omi pupa ń ro lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá ta ọkọ̀ lọ́wọ́ mi, okùn ló ń mú lọ sílé, kì í mú kọ́kọ́rọ́. Èmi ni mo dá a sílẹ̀, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni purọ́ fún yín.

Ohun tó ṣòfò lọ́jọ́ náà: agbọ̀n tòmátì mẹ́sàn-án, fìlà Alájì, àti bàtà mi ẹsẹ̀ òsì.